Elizabeth line láti Abbey Wood: abẹ́ ilẹ̀ kò ní wàhálà, ojú irin àtijọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́

Abbey Wood ni mò ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ẹ lè ra ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí àti pọ̀nmọ́ láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Kí Elizabeth line, rélùwéè tuntun tó gba abẹ́ àárín Lọ́ńdọ̀nù kọjá, tó dé, ẹni tó bá ń lọ sí Paddington, ní apá ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú, láti ọ̀dọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ wọkọ̀ dé London Bridge, kó tó wá bá èrò du àyè lábẹ́ ilẹ̀. Ní báyìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ní kò wúlò, kò gbé àdúgbò wa rí.

Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń bí àwọn èèyàn nínú. £14.8 bílíọ̀nù ni wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2010. Nígbà tó fi máa parí, ó ti ń lọ sí £19 bílíọ̀nù. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ní yóò ṣí, ó di 24 oṣù Karùn-ún 2022 kó tó ṣí. Ó sì ṣí tán, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú! Àfi ọjọ́ Àìkú kan péré tí wọ́n fi ṣe jubilí Ọbabìnrin, wọ́n ń tì í títí di oṣù Kọkànlá, torí wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó so apá àárín pọ̀ mọ́ ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ibùdókọ̀ Bond Street gan-an, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú rẹ̀ wò. Ní gbogbo ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti Paddington dé Woolwich, ògiri gíláàsì ló wà láàárín pèpéle àti ojú irin. Bí ọkọ̀ bá dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti ògiri, méjèèjì á ṣí pa pọ̀. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 205. Láti ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó síwájú tó sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Liverpool Street lè yọ sókè ní Moorgate, ibùdókọ̀ mìíràn pátápátá. Èmi àti àbúrò mi ti fi àdéhùn sí "Liverpool Street" rí, kálukú dúró sí ìpẹ̀kun tirẹ̀, a wá ń pariwo lórí fóònù pé "mo ti dé, ìwọ dà?"

Ní ti títì tí wọ́n máa ń kéde sílẹ̀, èmi kò bá wọn bínú púpọ̀. Láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí èrò pọ̀, ọkọ̀ 24 ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ní wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ síra wọn. Ta ló fẹ́ tún irin ṣe lábẹ́ ìyẹn? Òru kì í sì tó wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń mú. Lójú wọn, ọjọ́ ìsinmi nìyẹn. Tiwa ńkọ́? Ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọjọ́ òde ni, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹ lọ wo iwájú ibùdókọ̀ Abbey Wood lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í: màmá tó wé gèlè tó ga, kúlà ìrẹsì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lọ́wọ́ òsì, tó ń bi òṣìṣẹ́ pé bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sí Woolwich. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún á dé, àmọ́ kò ní sáré bí rélùwéè. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, rélùwéè àtijọ́ tó ń lọ sí London Bridge ni mo máa ń wọ̀. DLR, rélùwéè kékeré ti apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, náà wà ní Woolwich Arsenal fún ẹni tó ń lọ sí apá Canary Wharf.

Èyí tí wọn kì í kéde ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Paddington tó dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, orí ojú irin àtijọ́ ló bọ́ sí, níbi tí òun àti àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ti jọ ń lò ó, ètò iná àmì sì tún yí padà. Ní 7 oṣù Kejìlá 2023, wáyà iná orí òpó bà jẹ́ nítòsí Ladbroke Grove lálẹ́. Èrò há sínú òkùnkùn àti òtútù fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì wá mú wọn rìn lórí ojú irin. Rélùwéè olówó gọbọi yìí kò sì ní ilé ìtura kankan nínú ọkọ̀! Ta ló wá ro irú èrò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń lọ títí dé ìlú Reading, lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù? Ibùdókọ̀ HS2, rélùwéè ayára tuntun, tí wọ́n ń kọ́ ní Old Oak Common lójú ọ̀nà yẹn náà tún ń mú kí wọ́n máa ti apá ibẹ̀, pàápàá nígbà ọdún Kérésìmesì tí àwọn ará wa ń rọ́ lọ sílé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fò lọ sí Èkó láti Heathrow, bí kò bá sí ìkéde títì, kó wọ Elizabeth line. Kò ní bá àtẹ̀gùn jà, ní gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀, ọ̀nà wà láti gbé àpótí ẹrù dé pèpéle láìgun àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Tẹ́míná 4 yàtọ̀ sí ti Tẹ́míná 5, ẹ ka ojú pátákó kí ẹ tó wọlé. Bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọlidé, Piccadilly line, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ tó ń lọ sí Heathrow, ni kí ẹ gbà. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í gba ọ̀nà Paddington, owó rẹ̀ sì kéré.