Wọ́n wó áàpù mọ́ mi lórí, wọ́n tún un kọ́: àgbéyẹ̀wò télọ̀ kan láti Kúbwá

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kúbwá, kò jìnnà sí títì Gado Nasko, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi áàpù kan gbọ́ ìtàn, ewì àti orin àpàlà àtijọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Àbújá, tó ń fi Haúsá ná ọjà láàárọ̀, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, á mọ bó ṣe ń rí lára kí Yorùbá gidi bọ́ síni létí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Ìránṣọ ò fi ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan ń ti aṣọ, èkejì ń fà á, ẹsẹ̀ ń tẹ máṣíìnì. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni fóònù máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí. Tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá ìtàn dúró tóbi tó ìdérí ìgò mínírà, ìsàlẹ̀ ojú fóònù gan-an ló sì wà. Bí oníbàárà bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní wò ó rárá.

Àfi bí mo ṣe ṣí áàpù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rò pé mo ṣi ilé wọ̀. Àwọ̀ ti yí padà, àwòrán ńlá gba ìdajì ojú fóònù, bọ́tìnì mi ti sún kì bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ sókè lápá ọ̀tún. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àmì ọkàn ni wọ́n fi síbẹ̀, èyí téèyàn fi ń sọ pé òun fẹ́ràn ìtàn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Alhaja kan, ọmọ Ìlọrin, wá gba babanrigá ọkọ rẹ̀. Nínú ìtàn, ìyálé ń ṣẹ́ èpè fún ìyàwó, èpè tó le. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ibi tó ti mọ́ mi lára. Èpè ń lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọkàn pupa ń fò sókè lójú fóònù, èpè ń lọ. Alhaja wo fóònù, ó wò mí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta lẹ ń bá jà?" Kí n tó rí bọ́tìnì, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ìyàwó yẹn àti ìyá tó bí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ áàpù ní Jàbí ló là mí lóye. Ó ní láti 1954 ni ará Amẹ́ríkà kan, Paul Fitts, ti fi hàn pé bí ohun tí ọwọ́ ń wá bá ṣe kéré sí, tó sì jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ sí kí ọwọ́ tó bà á. Ó ní Google ń gba àwọn tó ń ṣe áàpù Android níyànjú pé kí ibi títẹ̀ má kéré ju nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ. Mo yọ téèpù lọ́rùn, mo wọn tiwọn. Mìlímítà 5. Tí èmi bá fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ gé ọrùn bùbá, ta ni yóò sanwó fún mi?

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mò ń lọ kí àbúrò mi ní Kàdúná. Mo ti gba ìtàn mẹ́fà sórí fóònù láti ilé, torí mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ lójú ọ̀nà kí a tó dé Rigasa. A kúrò ní Kúbwá, mo ṣí áàpù, ó ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù mi, kí n dúró de kóòdù. Kóòdù wo? Igbó àti òkúta ló yí wa ká. Òbìrí kékeré kan ń yí lójú fóònù bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Híhanrun bàbá tó jókòó tì mí ni mo gbọ́ débi tí mò ń lọ. Ìtàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà nínú fóònù tí mo mú lọ́wọ́ o. Wọ́n kàn tilẹ̀kùn mọ́ wọn ni.

Mo kọ̀wé sí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì yọ áàpù náà kúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní Sonos, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe sípíkà, gbé áàpù tuntun jáde ní oṣù karùn-ún 2024, láìsí aago ìjí, láìsí èyí tó ń pa orin lẹ́yìn téèyàn bá ti sùn. Àwọn oníbàárà pariwo. Ọ̀gá wọn, Patrick Spence, tọrọ àforíjì ní oṣù keje. Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, ó ti fi ipò sílẹ̀. Mo ní, "Nítorí bọ́tìnì?" Ó ní, "Nítorí bọ́tìnì, Àǹtí."

Ẹ̀dà kẹta áàpù tèmi ló dá mi padà. Bọ́tìnì ti padà sí ìsàlẹ̀, mìlímítà 13 lórí téèpù mi. Bí ariwo máṣíìnì bá bo ọ̀rọ̀, ibi kan wà tí mo lè tẹ̀ kí ìtàn fi ìṣẹ́jú àáyá 15 padà sẹ́yìn. Mo pa dátà pátápátá, mo tẹ ìtàn tí mo ti gbà sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

Ibi ìwárí ni mo ti rí i pé ọmọ Yorùbá dá sí iṣẹ́ náà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá kọ Ọmọwúrà pẹ̀lú àmì, wọn á ní kò sí. Tí mo bá kọ ọ́ ní ìhòòhò, Àyìnlá á yọjú. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ lẹ́tà kan fún ẹ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ń to àmì lé lẹ́tà ni, bí ẹni méjì bá sì tò ó lọ́nà ọ̀tọ̀tọ̀, ẹ̀rọ lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ní báyìí, bó ṣe wù ẹ́ kọ ọ́, á yé e. Tí mo bá sì fi àmì sí owó, ìtàn owó ló ń ṣáájú, kí ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ti dátà náà dáa. Ẹ lè yan bí ohùn yóò ṣe já gaara tó: 64 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń jẹ nǹkan bíi MB 29 ní wákàtí kan, tàbí 128, tó ń jẹ 58. Èyí tó kéré ni mo fi ń gbọ́ ìtàn. Ẹ má fi gbọ́ àpàlà o, agídìgbo á máa dún bí ẹni ń kan páànù.

Wọ́n tún gbé àmì iná kan wá, tí ń jó tẹ́ ẹ bá gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ méje léraléra. Mi ò kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Iná kú, áàpù ránṣẹ́ pé òun ń ṣàárò mi. Ẹ jọ̀ọ́. Iná Nẹ́pà ń kú, mi ò sunkún, ti inú fóònù ni n ó wá máa ṣọ́?

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Ẹ̀dà kejì pa àmì ibi tí mo dúró sí nínú ìtàn 21 rẹ́, wọn ò sì tíì dá a padà. Ìràwọ̀ karùn-ún ni bàláǹsì, ọwọ́ mi ló ṣì wà.