Sẹ́ẹ̀tì rélùwéè kékeré tí mo rà láti Èkó: àgbéyẹ̀wò láti Iléṣà

"Ẹ fi ọwọ́ tì í díẹ̀ sà, á lọ."

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ilé ìtajà náà kọ sí mi lórí WhatsApp nìyẹn, òun gan-an ló sì mú mi jókòó kọ èyí. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi owó gidi rà, tó kú sórí póńtì (ibi tí ojú irin ti ń yà sí méjì) lójú àlejò, ni wọ́n ní kí n máa fi ìka tì! Ẹni tó ń ta rélùwéè kékeré, tó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, kò mọ ohun tó ń tà.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó wà nínú páálí, ẹ lè kà á lára páálí fúnra yín. HO ni, ìyẹn ni pé wọ́n pín ohun gidi sí ọ̀nà 87 kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ́ńjìnnì ṣọ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan (èyí tó ń fa wágọ̀nù síwá sẹ́yìn láti tò wọ́n), wágọ̀nù, ojú irin, póńtì àti rìmóòtù DCC, èyí tó ń fi nọ́ńbà pe ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kàn mí ni bóyá èèyàn lè fi ṣe iṣẹ́ rélùwéè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní tòótọ́. Mo bi wọ́n léèrè kí n tó sanwó, wọ́n sì ní, "Dáadáa sà, ó ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mò ń wí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí ọkọ̀ sáà máa yí po lórí tábìlì ti tó wọn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń yí po kò lọ síbì kankan. Adùn tèmi ni kí ọkọ̀ ní ibi tó ń lọ, kó ní ẹrù tó gbé, kó sì ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan nílé mi ló ní káàdì tirẹ̀: kòkó láti Òṣogbo lọ sí Èkó, sìmẹ́ńtì láti ọwọ́ Èkó wá sí Òṣogbo, ẹ̀pà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Bí káàdì bá ti wí ni wágọ̀nù á ṣe. Bí èyí tí a fẹ́ yọ bá wà láàárín àwọn yòókù, a óò ṣọ́ńtì wọn títí yóò fi jáde, a ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbé e.

Iléṣà wa yìí kò ní rélùwéè. Òṣogbo ni tiwa, irin ti dé ibẹ̀ láti ayé ìjọba Òyìnbó, ibẹ̀ sì ni kòkó Ìjẹ̀ṣà ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó nígbà tí kòkó gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi Òṣogbo sí àárín ògiri yàrá ẹ̀yìn, mo fi Edé sí ọwọ́ Èkó, mo fi Ìkìrun sí ọwọ́ òkè. Káfíńtà àdúgbò ló bá mi kan pákó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á sọ pé ojú irin mi fẹ̀ jù, òótọ́ ni. Ojú irin àtijọ́ yẹn jẹ́ 1,067 mm. Bí a bá pín in sí 87, mìlímítà 12 àti díẹ̀ ni. Èyí tó wà nínú páálí jẹ́ 16.5, ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ni ó bá mu. Èmi fara mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ bá ti lọ létòlétò, ojú kì í rí mìlímítà mẹ́rin.

Ohun tó fa ìbínú nìyí. Ní alẹ́ Sátidé kan, mo pe èèyàn wá ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀gá téṣàn Ìkìrun, ọmọ rẹ̀ ló mú rìmóòtù ẹ́ńjìnnì ṣọ́ńtì, èmi wà ní Òṣogbo. Àlejò pàtàkì ni bàbá kan ládùúgbò wa tó ṣe gáàdì rélùwéè, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ láti inú wágọ̀nù tó kẹ́yìn, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé aago kan kalẹ̀ lórí fóònù tó ń sáré ní ìlọ́po mẹ́fà, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tiwa ni wákàtí kan ti rélùwéè. Mo ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ méjì fún mi, ọ̀kan fún Edé sí Òṣogbo, èkejì fún Òṣogbo sí Ìkìrun, kí wọ́n jẹ́ tókìn. Ìlà kan ṣoṣo ni. Dírẹ́bà tí tókìn kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bí ó ti wù kó kánjú tó. Tókìn kan náà kò lè wà lọ́wọ́ èèyàn méjì, nítorí náà ọkọ̀ méjì kò lè forí sọ ara wọn. Bàbá gba èyí tó kù nílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó sì fà á lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fa ohun ìjọba léni lọ́wọ́. Àwa tó wà níbẹ̀ dákẹ́.

Ọkọ̀ èrò ti kúrò ní Ìkìrun (ẹ́ńjìnnì tó fà á, mo yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni). Ẹ́ńjìnnì ṣọ́ńtì gbọ́dọ̀ kó wágọ̀nù kòkó kúrò lójú ìlà gbangba kí èrò tó dé. Ọmọ náà ń rọra fà wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ni. Ó dé orí póńtì, ó kú. Kò gbọ̀n, kò dún. Ọkọ̀ èrò dúró sí ẹ̀yìn síńgínà (àmì tó ń dá ọkọ̀ dúró), aago ń sáré lọ.

Ọmọ na ìka. Bàbá ké mọ́ ọn: "Má fọwọ́ kàn án! Ta ló ń fọwọ́ ti ẹ́ńjìnnì ní Òṣogbo?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ti wọ inú rẹ̀ láti òkè wá, gbogbo tókìn, káàdì àti aago ti di asán. A dúró, ó kọ̀, kò lọ. Bàbá ní, "Ẹ pè mí nígbà tí ẹ bá tún un ṣe," ó sì dìde lọ sílé.

Mo kọ̀wé sí ilé ìtajà náà lóru yẹn. Ọjọ́ Ajé ni ọmọbìnrin kan dáhùn: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fídíò ránṣẹ́." Mo ṣe fídíò mẹ́ta: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ìkẹta tí mo fi ìmọ́lẹ̀ fóònù tan abẹ́ ẹ̀ láti fi ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí hàn. Àmì méjì náà di búlúù, mo mọ̀ pé ó ti wò ó. Kò fèsì títí di ọ̀sán. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ó ń lọ nínú fídíò yín sà." Mo ní ó ń lọ títí ó fi dé orí póńtì. Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí.

Mo pe fóònù wọn. Wọ́n gbé mi fún ọ̀gá wọn. Ó ní, "Dádì, ohun ìṣeré ọmọ ni. Wáráńtì wa ò débẹ̀." Mo ní kí ó ka ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó sanwó. Ó ní kí n mú sùúrù. Mo ní ọmọ Òṣómàáló ni mí, kí ó dá owó mi padà tàbí kó fún mi ní póńtì tó ń ṣiṣẹ́, n ò ní kúrò lórí fóònù láìjẹ́ pé ó mú ọ̀kan. Mi ò bú u. Mo kàn dúró. Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìgé e, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọjà fún ẹlòmíràn, wọ́n ń sọ fún un pé ó ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Èmi ni mò ń tún nǹkan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dojú ẹ́ńjìnnì yẹn délẹ̀, ẹ ka iye ẹsẹ̀ tó ń gba iná." Ọmọ yìí, kí Ọlọ́run bùkún un. Ó ti wo fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pàápàá ìkẹta. Ó ṣàlàyé pé ojú irin ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ ló sì ń gbà á. Ní àárín póńtì, níbi tí irin méjèèjì ti gba ara wọn kọjá, ike ni wọ́n fi sí i nínú sẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìnnì gígùn ní ẹsẹ̀ púpọ̀, bí ọ̀kan bá wà lórí ike, òmíràn ṣì wà lórí irin. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kúkurú kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí ó bá ń sáré, eré á gbé e kọjá, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Bí ó bá ń yọ́ lọ bí ẹni tó ń ṣọ́ńtì, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yí po kò fi ráhùn rí.

Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n pààrọ̀ póńtì náà sí èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin, tó ní wáyà tirẹ̀ àti súìṣì kékeré tó ń pààrọ̀ iná rẹ̀ bí a bá ti yí póńtì. Kí ó tó gé fóònù, ó tún kọ́ mi ní nọ́ńbà tí a ń yí nínú ẹ́ńjìnnì: CV2 kó lè bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ láìfò, CV3 àti CV4 kó lè pẹ́ kó tó gbéra, kó sì pẹ́ kó tó dúró, bíi pé ó wúwo ní tòótọ́. Gbogbo èyí wà nínú ohun tí mo rà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, ìwé inú páálí náà kò sì sọ ju ojú ìwé kan lọ.

Wọ́n pààrọ̀ póńtì. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n san owó wébìlì àlọ àti àbọ̀, láti Èkó dé páàkì Iléṣà! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Mẹkáníìkì rédíò kan lẹ́bàá Ọjà Àtàkúmọ̀sà ló bá mi lẹ wáyà náà, ó ṣe é tán kí n tó mu omi tán, owó tó gbà kò tó nǹkan.

A tún pe Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ẹ́ńjìnnì náà gbéra láti ẹ̀yìn téṣàn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn lè ka igi abẹ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá lórí wọn. Ó wọ orí póńtì. Iná iwájú rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ó bọ́ sí ìhà kejì, ó ń sún mọ́ wágọ̀nù kòkó, ó ku bí ìka kan, ó ku bí èékánná, ó fi ìkọ́ kan ìkọ́, wọ́n kọ́ra, wágọ̀nù náà kò sì mì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó fà wọ́n wọ ojú ìlà ẹ̀gbẹ́, ó yí póńtì padà, mo tẹ síńgínà sílẹ̀, ọkọ̀ èrò Ìkìrun wọlé, ẹ̀gbọ́n mi sì fa tókìn lé Bàbá lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá bi wá léèrè ibi tí wágọ̀nù gáàdì wà. Kò sí lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù wa. Ó ní ọkọ̀ náà kò ní kúrò ní Òṣogbo láìní gáàdì lẹ́yìn, a sì ṣọ́ńtì fún bíi ogún ìṣẹ́jú láti wá a jáde kúrò ní ìsàlẹ̀ yáàdì. Ogún ìṣẹ́jú yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti fi ẹ́ńjìnnì náà ṣe lọ. Mi ò tíì rí ohun tí owó rà tó lè jẹ́ kí àgbà àti ọmọdé jọ ronú sí ọ̀nà kan bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọjọ́ tí àlejò ò sí, àwọn ọmọ ilé máa ń fi ojú ìlà mẹ́ta ní Òṣogbo ṣe Inglenook, eré àdììtú ṣọ́ńtì tí Alan Wright, ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀. Wágọ̀nù mẹ́jọ ni. Ìlà kan gba márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fa káàdì márùn-ún, kí ẹ sì to ọkọ̀ náà tẹ̀lé bí káàdì ṣe jáde. Ọ̀nà tí ó lè gbà jáde jẹ́ 6,720, nítorí náà kò sí pé ọmọ kan há a sórí. Bí àyè yín bá kéré, pákó kan ti tó fún un.

Àwọn ẹ̀sùn kéékèèké tó kù: nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo irin, ẹ óò máa fi aṣọ àti sípíríìtì nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á máa já. Bí NEPA bá mú iná, tó sì dá a padà lójijì, rìmóòtù á gbàgbé ẹ́ńjìnnì tó ń darí, ẹ óò tún un pè. Ìnfátà ni mo fi ń lò ó báyìí. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń jẹ́ nọ́ńbà 3, bí ẹ bá ní méjì, ẹ yí ti ọ̀kan padà kí wọ́n má baà jọ gbéra.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó: àárín póńtì yìí, ṣé irin ni àbí ike? Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìdáhùn, ẹ ní kí wọ́n pe ọmọ tó ń tún nǹkan ṣe.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Lóṣù tó ń bọ̀, mò ń lọ ra ẹ́ńjìnnì èrò tèmi lọ́wọ́ wọn.