Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń lo ẹ̀rọ ìkàwé: ohun tí mo rí nínú rẹ̀, àti ìdí tí ìwé títẹ̀ fi wà nílé mi síbẹ̀

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìwé títẹ̀ ti ń kógbá wọlé, mo ní kí n fi ojú ara mi rí i kí n tó gbà tàbí kí n tó kọ̀, ni mo bá bẹ àbúrò mi tó ń gbé ní London pé kó bá mi ra ẹ̀rọ ìkàwé kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń ka ìwé lójú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lápapọ̀.

Ojú ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ wù mí. Àwọn nǹkan róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ ló kún inú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò nípọn ju fọ́nrán irun orí lọ, tí àwọ̀ dúdú àti funfun sì wà nínú wọn. Iná mànàmáná díẹ̀ ló ń ti dúdú tàbí funfun wá sókè, bí ojú-ewé bá sì ti hàn tán, kò tún nílò iná mọ́ títí a ó fi ṣí òmíràn. E Ink, ilé-iṣẹ́ tó ti inú yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà jáde ní 1997, ló sọ ọgbọ́n yìí di ọjà, òun náà sì ni Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lò nígbà tí wọ́n gbé Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé tiwọn, jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2007. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, àǹfààní rẹ̀ kò kéré: mo ń fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàwé kí n tó tún gbé e sídìí iná, mo sì ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án gangan láìsí pé oòrùn ń dí mi lójú.

Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti pa ìwé kíkà tì, nítorí pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú Bíbélì wọn kò hàn sí wọn mọ́, àní pẹ̀lú awò. Mo sọ lẹ́tà orí ẹ̀rọ di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló ń wà lórí ìlà kan, mo sì gbé Sáàmù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ka orí mẹ́ta sókè láìdúró, wọ́n wá gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo lo gbé nǹkan yìí pa mọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Ibi tó ti dùn mí ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti fi àmì ohùn lé wọn lórí, wọn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀rọ ní láti to àmì náà lé lẹ́tà lórí fúnra rẹ̀. Bí irú lẹ́tà (font) tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ kò bá mọ iṣẹ́ yìí ṣe, àmì á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Méjì nínú àwọn irú lẹ́tà orí ẹ̀rọ mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìkẹta ló ń tò ó dáadáa, òun ni mo sì ń lò. Ìyẹn ní àtúnṣe. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni ìwé tí ẹni tó gbé e sórí ẹ̀rọ ti bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀ kó tó tà á.

Lóru ọjọ́ kan, mo ń ka ìtàn àtijọ́ kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kan ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé, "O gbe oko re ko ejika." Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀ ni, àbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun? Ìrìn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń lọ bá ọ̀tá, ohun tó kàn nínú ìtàn náà sì rọ̀ mọ́ èyí tó bá jẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa ẹ̀dà títẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ jáde. Bébà rẹ̀ ti pọ́n, ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àmì wà lórí ọ méjèèjì kedere: ọ̀kọ̀ ni. Létí ojú-ewé náà, bàbá mi ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kíyè sí i."

Púpọ̀ nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ kò tilẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ, àfi kí ẹnìkan ya fọ́tò ojú-ewé wọn sínú PDF, fáìlì tí ìlà inú rẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ tò. Ẹ̀rọ oníǹṣì mẹ́fà kò gba irú PDF bẹ́ẹ̀ dáadáa: bí o bá fẹ̀ ẹ́, ìdajì ìlà á sá kúrò lójú.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni ìwé tún wà níbẹ̀. Àyè láti kà á ni mo rà. N kò lè yá ọmọ aládùúgbò tó wá kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi í jogún fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ rẹ́ kúrò lórí Kindle àwọn tó ti sanwó wọn, nítorí pé ẹni tó gbé wọn síta kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi lóru wá ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé ìwé títẹ̀ kò ní àléébù. Òjò ti ba odidi páálí kan jẹ́ fún mi rí, iye tí wọ́n ń ta ìwé nísinsìnyí sì ń ka àwọn òbí ọmọ láyà. Fún ìwé àkàgbádùn àti fún ẹni tí ojú ń dùn, ẹ̀rọ ni mo máa ní kí ènìyàn rà láìjáfara. Fún ìwé Yorùbá tí a fẹ́ kọ́ni tàbí tí a fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, ìwé títẹ̀ ni mo ṣì fọkàn tán, n kò sì rí ohun tó máa lé e kúrò nípò yẹn títí àwọn tó ń gbé ìwé sórí ẹ̀rọ yóò fi ka àmì ohùn sí ara ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí apá tí wọ́n ń fúnni kà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ẹ́ àti ọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí màmá mi ni ẹ̀rọ náà ń sùn báyìí, mo sì ti ní kí àbúrò mi bá mi ra òmíràn. Ẹ̀dà bàbá mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, kó bá mi tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán.