Àgbéyẹ̀wò Ilé Ìsádi Ajá àti Ológbò Kan Lápá Ògùdù, Níbi tí Mo ti Gba Ajá Tọ́

Mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tó ń ronú láti mú ajá tàbí ológbò wọlé ní Èkó, tí kò sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń na ọmọ ajá sókè sí ojú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ilé ìsádi kékeré kan lápá Ògùdù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dá sílẹ̀ sínú ọgbà ara rẹ̀. Mọ́mì ni gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ orúkọ ilé náà tàbí òpópónà tó wà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí àdírẹ́sì bá ti ta sí àwọn ènìyàn létí ni wọ́n máa ń wá so ajá mọ́ géètì lóru, tí wọ́n á sì sá lọ. Ẹ̀bẹ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀, kí ó bi àwọn dókítà ẹranko tó wà ní Ògùdù tàbí Ọ̀jọ́ta, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un tí wọ́n bá ti rí i pé ó fẹ́ gba ẹran ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ já ẹran sílẹ̀.

Òfin kan ló gbé ilé náà ró, òun ni pé wọn kì í pa ẹran tó lálàáfíà nítorí pé àyè kún, tàbí nítorí pé ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ fi ń mọ̀ wọ́n ni pé kí ó kéré tán ẹran 90 nínú 100 tó wọlé jáde láàyè. Ìyókù ni èyí tí àìsàn tàbí ọgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá ohun tí dókítà lè wò. Mọ́mì kò fi ti apá ibi tirẹ̀ pa mọ́ nígbà tí mo bi í. Ó ní èyí tí ọkọ̀ bá tẹ̀ tí kò lè gbádìí nílẹ̀ mọ́, tó sì ń ké tọ̀sán-tòru, dókítà ni yóò gba ìyà náà kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn pé ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé òun kì í pa ẹran. Ilé tó bá ń gba ajá wọlé lójoojúmọ́ tí kò rí ẹni gbà wọ́n jáde, yóò di ibi tí ajá ti ń gbó títí di ọjọ́ ikú wọn nínú kéèjì, nítorí náà bí ẹran ṣe ń jáde ni mo fi díwọ̀n ilé yìí, ìyẹn ló sì fà á tí ìyìn àti ẹ̀sùn mi fi jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Láti kékeré ni mo ti ń bá ajá gbé, imú ni mo sì kọ́kọ́ fi yẹ ibẹ̀ wò. Òórùn ajá wà níbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní sí, ṣùgbọ́n kò sí òórùn ìtọ̀ àná, háípò ló borí gbogbo rẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà gọ́tà kí omi má baà dúró. Nínú kéèjì kọ̀ọ̀kan ni pẹpẹ pákó wà tí ajá lè sùn lé. Wọ́n gbé páànù orí rẹ̀ ga kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Níwájú fáànù kan ni mo ti rí ajá Caucasian méjì, irú ajá ńlá onírun púpọ̀, tí wọ́n na gbọọrọ, tí ahọ́n wọn ń jò. Àwọn olówó wọn ti jápa lọ sí Kánádà. Mọ́mì ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé jù báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irun ajá náà ṣe rí lára rẹ̀ ní Èkó, kí ó wọ kóòtù òtútù ní ọ̀sán oṣù kẹta kí ó sì dúró sí ìdíkọ̀ Ọ̀jọ́ta.

Yàrá àwọn ológbò dá wà lọ́tọ̀, ohun kan sì wà níbẹ̀ tó fi hàn mí pé àwọn ènìyàn yìí mọ iṣẹ́ wọn. Wọn kì í lo òògùn apakòkòrò tó ń di funfun bíi wàrà nínú omi, èyí tí púpọ̀ nínú wa fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí pé májèlé ni fún ológbò tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó sì fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ náà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀lù, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí pé ó máa ń pa á.

Níwájú kéèjì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so páálí pélébé kan kọ́, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ìwà ẹran náà sí. Èyí tó wà lára kéèjì ajá tí mo gbà kà báyìí: “Tanímọ̀la. Abo ẹkuke, ó tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Abẹ́ afárá ni wọ́n ti gbé e. Ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀ àti ọkùnrin tó dé fìlà. Ó máa ń jí oúnjẹ lórí tábìlì. Ẹ má fi òun àti adìyẹ sójú kan.” Èmi tí mo dúró tí mo ń kà á, fìlà wà lórí mi, ajá náà sì ti sún mọ́ ògiri lẹ́yìn pátápátá. Mo ṣí i. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú wọn wọlé tọ̀ ọ́, ó jókòó sílẹ̀ láì wo ojú rẹ̀, ó dúró títí ajá náà fi wá fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè kí n lè rí eyín rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ajá bá fi máa pé nǹkan bí oṣù méje, eyín àgbà rẹ̀ ti jáde tán, àti pé láti ìgbà náà lọ, bí orí eyín ṣe jẹ tó àti ìdọ̀tí tó dì mọ́ ọn ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí. Ó ya àárín ọmọọ̀ka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ eégbọn kan tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó sì jù ú sínú ìgò kẹrosínì tó wà lápò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ajá tó ti sọ àbùkù ọjà rẹ̀ fún mi rí kí n tó sanwó.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè dé. Fọ́ọ̀mù wọn gùn, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé tí mò ń gbé, bóyá ó fọwọ́ sí i kí ajá wà níbẹ̀, bí odi ilé ṣe ga tó, ẹni tí yóò wà nílé lọ́sàn-án, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ajá náà tí onílé bá ní kí a kó jáde lọ́la. Ayálégbé ni mí ní Ṣómólú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ Bàbá onílé. Àwọn kan yóò rí i bí ìyọnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé àyágbé Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ajá lè dìjà láàárín àwọn ará ilé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Mọ́mì sì sọ fún mi pé ìjà onílé àti ìkólọ sílé tuntun ló ń dá ajá padà sọ́dọ̀ òun ju àìsàn lọ.

Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀ tó fẹ́ ajá tí yóò máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu. Ṣéènì lọ́sàn-án, títìmọ́lé lóru ni ètò rẹ̀. Mọ́mì ní, “Ọmọ mi, má bínú, n kò lè fún ọ.” Inú bí i. Ó ní, “Mà, ajá ìgboro lásán-làsàn lẹ fi ń ṣe ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì fún wa yìí!” Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi gbà pé Mọ́mì jàre.

Àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní ohun mẹ́ta tí wọn kò gbà láyè: títà tàbí pípa ajá náà, fífi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àti mímú un bímọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá ni Ògún ń gbà, a sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi ẹran rẹ̀ se ọbẹ̀. Mọ́mì kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn lórí ìyẹn, ohun tó ṣáà ń sọ ni pé ẹran tó bá ti ọwọ́ òun jáde kò sí nínú rẹ̀. Kí a sòótọ́, ìwé pélébé yìí lágbára ju òfin ìlú lọ: abala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50 lélẹ̀ fún ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko, ₦50 náà kò sì já mọ́ nǹkan kan ní Èkó mọ́.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà (₦20,000) ni mo san. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún mọ́ fún un, wọ́n ti fún un ní oògùn aràn, wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tí káàdì rẹ̀ ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀ dókítà. Tí mo bá ní kí n san owó àwọn nǹkan wọ̀nyí níta lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ abẹ nìkan yóò ti jẹ owó náà tán. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Láti ara ajá ni nǹkan bí 99 nínú 100 ènìyàn tí àrùn náà ń mú ti ń kó o, tí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ẹni náà tó yè é. Wọ́n fún mi ní ìwé kan mú lọ sílé, èyí tó sọ pé ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí àgbo níbẹ̀.

Bí a ṣe délé kò lọ́rọ̀ nínú. Awakọ̀ méjì kọ̀ wá, ẹ̀kẹta gbà lẹ́yìn tí mo tẹ́ aṣọ sórí ìjókòó rẹ̀ tí mo sì fi owó lé e. Ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ ló dára. Ọmọkùnrin náà máa ń béèrè rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, ó ní kí n gbé fọ́tò ránṣẹ́, nígbà tí ajá náà kò sì jẹun ó sọ fún mi pé kí n jìnnà sí abọ́ rẹ̀ kí n má sì dúró wò ó. Ó jẹun lóru ọjọ́ náà. Wọ́n tún fi sínú àdéhùn pé bí kò bá bá mi lára mu, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni kí n dá a padà sí, láìka iye ọdún tó ti lò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀sùn mi kò kéré. Àkọ́kọ́ ni pé àyẹ̀wò ilé ẹni tó fẹ́ gba ẹran máa ń pẹ́ jù, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, Sátidé nìkan ló sì ń ráyè. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró, Tanímọ̀la gba kéèjì kan, ajá méjì sì ń há mọ́ra wọn nínú kéèjì kejì tí a ṣe fún ẹyọ kan. Níbi tí ẹran bá ti fún mọ́ra báyìí ni eégbọn ti ń rí ọ̀nà, ibẹ̀ náà sì ni àrùn parvo, tó ń mú ọmọ ajá bì tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ti ń gbalẹ̀ tí ẹnì kan kò bá tètè mọ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ní yàrá ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n yàrá náà kún lọ́jọ́ tí mo lọ, ọmọ ajá mẹ́ta sì wà nínú páálí ní kọ́ríídọ̀. Ìmọ̀ràn mi fún Mọ́mì ni pé kí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní Yábàá, Súrùlérè àti Gbágadà máa yẹ ilé wò ládùúgbò wọn, kí a má sì máa gba ẹran tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí ẹyọ kan kò bá jáde. Ó gba ti àkọ́kọ́. Ó ní òun kò lè ṣe ti ìkejì, nítorí pé òun kò lè wo ajá lójú ní géètì kí òun sì ti ilẹ̀kùn. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ewu tó lè tú ilé náà ká wà.

Èkejì ni fọ́tò. Alẹ́ ni wọ́n ń yà á, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú iná fóònù, gbogbo ajá dúdú àti ológbò dúdú á sì dà bí òjìji tó ní ojú méjì. Àwọn ológbò dúdú ti ní ìṣòro tó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n pe àjẹ́, kò yẹ kí fọ́tò tún dá kún un. Fóònù wọn náà kì í dáhùn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, èmi yóò tún padà lọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ọmọ ajá olówó iyebíye pẹ̀lú ìwé ìran rẹ̀ kò ní rí i níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ mú ajá lọ lọ́jọ́ kan náà yóò bínú. Ẹni tó bá ní sùúrù, kí ó mú lẹ́tà onílé dání, kí ó mú káàdì ìdánimọ̀, kí ó mú páálí tó ní ihò tí ológbò ló fẹ́ gbà, kí ó sì kó ìwé ìròyìn àtijọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó lọ fún wọn, nítorí pé wọn kì í ní in tó. Ẹ lọ láàárọ̀ Sátidé kí aago mọ́kànlá tó lù, torí pé lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fọ kéèjì, wọn kì í sì í mú ẹran jáde fún àlejò títí ilẹ̀ á fi gbẹ.