Imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àgbéyẹ̀wò férémù awò ojú tí mo rà n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ojú rọ̀bọ̀tọ̀, kó wá férémù onígun. Ojú onígun, kó wá èyí tó rí róbótó. Ojú gígùn, kó wá èyí tó jìn wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí iwájú orí rẹ̀ fẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó, kó wá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ju òkè lọ. Kò sẹ́ni tó wá awò ojú lórí fóònù tí kò ní pàdé àtẹ yìí. Ọmọ mi obìnrin fi í ránṣẹ́ sí mi láti Èkó, ó ní kí n mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní pé irọ́ ni. Ojú tèmi rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì kún. Tí mo bá tún lọ gbé òbìrípo méjì lé e, àwo lórí àwo ni. Ṣùgbọ́n àtẹ náà kò sọ nǹkan kan nípa imú, bẹ́ẹ̀ orí imú ni gbogbo ẹrù awò ń jókòó sí.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ wà ní agbègbè Fọlágbadé. N ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ìyìn, mo sì ní ẹ̀sùn. Ìwé ẹ̀rí ODORBN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ awò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wà lára ògiri wọn, èyí sì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó jókòó. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kò béèrè irú ojú tí mo ní. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo igi imú yín."

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ férémù tó ń wá láti òkè òkun, imú tó ga tó sì tínrín ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é. Igi imú tèmi kò ga tó bẹ́ẹ̀. Férémù oníke tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ibi imú rẹ̀ kò ṣeé fún, kò ṣeé là. Bó bá ti bá yín mu lọ́jọ́ kìíní, ó bá yín mu nìyẹn, bí kò bá sì bá yín mu, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Onírin tó ní rọ́bà kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ló ṣeé tún ṣe, torí a lè fi ẹ̀mú la rọ́bà yẹn tàbí kí a fún un pọ̀.

Ó wá gbé oníke dúdú kan tó wù mí gan-an sí mi lójú, ó ní, "Ẹ kúnlẹ̀ bí ẹni ń kí Kábíyèsí." Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀ tí awò ti yọ̀ dé ṣóńṣó imú. Ó ní kí n dìde, kí n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbé férémù náà sókè débi pé ó kan irun òkè ojú mi. Ó gbà á kúrò, ó dá a padà sórí àtẹ, kò tiẹ̀ gbìyànjú láti tà á fún mi. Ìwà yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Ẹ yí inú ọwọ́ awò yín wò, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta níbẹ̀. Tèmi tí mo rà kà báyìí: 50, 18, 140. Ìbú gíláàsì kan ni 50, ibi imú ni 18, gígùn ọwọ́ rẹ̀ ni 140, mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Ó fi rúlà wọn àárín ẹyinjú mi kan sí èkejì, ó jẹ́ 62. Férémù ńlá kan tó wà nílẹ̀ jẹ́ 58 àti 16, àpapọ̀ 74, ìyẹn láti àárín gíláàsì kan sí àárín èkejì. Ìyẹn fi 12 ju ti ojú mi lọ, nítorí náà wọ́n máa ní láti sún àárín gíláàsì kọ̀ọ̀kan wọlé ní 6 kó tó ṣe déédéé ẹyinjú mi. Tèmi jẹ́ 68, 3 péré ni wọ́n sún. Ẹ lè ní kí ló kàn yín níbẹ̀. Àwa tí a kì í rí òkèèrè dáadáa, gíláàsì wa tínrín láàárín, ó nípọn létí. Bí férémù bá ṣe tóbi tó ni etí yẹn ṣe ń yọ síta tó. Ẹni tí agbára gíláàsì tí wọ́n kọ fún un kéré lè gbé ńlá. Ẹni tí tiẹ̀ pọ̀, kó rọra.

Ọ̀rọ̀ gèlè wá wà ńbẹ̀ o. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti awò dúdú lójú, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, awò ti di ara ìmúra Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń kí Awùjalẹ̀. Àwọn ọkùnrin kò ní ìṣòro, fìlà kì í sábà kan etí wọn. Gèlè aṣọ òkè ń bo etí, ó sì ń fún ẹ̀bátí. Mo mú tèmi dání nínú báàgì, mo wé e níwájú dígí wọn. Ọwọ́ férémù tó nípọn kò wọlé. Ìgbà tí mo fi agbára tì í, ó tú gèlè, ó sì ń gún mi lẹ́yìn etí. Onírin tínrín kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìdí mi lọ́wọ́. Òun náà ni mo mú: òkè rẹ̀ tẹ́, igun rẹ̀ hàn díẹ̀, nítorí náà àtẹ ọmọ mi náà rí tirẹ̀ gbà. Àwọ̀ rẹ̀ bíi góòlù tó ti ṣá, ó sì yẹ awọ ara mi.

Ẹ̀sùn mi rèé. Dígí wọn kéré, kò fi ju ojú lọ. Mo ní láti fi fóònù ya ara mi láti ẹ̀gbẹ́ kí n tó mọ bí mo ṣe rí. Iná inú ṣọ́ọ̀bù funfun jù, ẹ gbé férémù jáde sójú oòrùn kí ẹ tó yan àwọ̀. Wọ́n tún ń fi oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń kùn sójú gíláàsì lọni. Èyí tí kì í jẹ́ kí iná tàn padà wúlò fún ẹni tó ń wakọ̀ lálẹ́. Ìyókù, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe kí ẹ tó gbà. Férémù nìkan, ₦45,000 ni wọ́n pè é, mo san ₦35,000. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, kí lẹ rò?

Èkó ni wọ́n ti ń gé gíláàsì, ó sì pẹ́ ju àdéhùn wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, kó má dúró di ìgbà tí àgbò bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá lọ gbà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi sínú àpò fún yín. Etí òsì mi ga díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, n kò sì mọ̀ títí ọmọbìnrin yẹn fi ní kí n wo iwájú gan-an. Ó fi atẹ́gùn gbígbóná rọ ìparí ọwọ́ awò náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn etí mi, ó tún yọ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí tí awò fi jókòó gbọọrọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn, wọ́n sì ní ìgbàkúgbà tó bá tún dẹ̀, kí n máa gbé e bọ̀.