Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìbarà tí mo gbé ọ̀rọ̀ Honours lọ

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n lọ ṣe Honours ní South Africa kí n tó ṣe Masters. Báólọ́jì ni mo kà. Mo kó ìwé mi, ó di ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìbarà.

Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tíì gba kọ́bọ̀ tí wọ́n fi ní, "Ọdún mélòó lo fi ka BSc?" Mo ní mẹ́rin. "Ọdún mẹ́ta ni tiwọn lọ́hùn-ún. Honours ni ọdún kẹrin, wọ́n á kàwé, wọ́n á tún ṣe ìwádìí. Wo ìwé ẹ dáadáa." Wọ́n fìka tọ́ ọ: B.Sc. (Hons). Àṣé Honours ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí! Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ímeèlì bi yunifásítì náà bóyá wọ́n á gbà mí sí Masters tààrà, kí n sì fi ìwé-ẹ̀rí mi ránṣẹ́ sí SAQA, àjọ tó ń rí sí ìwé-ẹ̀rí ní South Africa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọṣẹ́ wọn ló bà mí nínú jẹ́. Ó ya transcript mi (ìwé tí máàkì mi wà) sínú kọ̀ǹpútà, ó gé ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n buwọ́ lù. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ìgbà kẹta, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ tẹ ìdérí ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. A ò tíì parí tí epo jẹnẹrétọ̀ tán.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, káwọn ọmọ JAMB tó kún ibẹ̀. Àǹtí gan-an ni kẹ́ ẹ béèrè.