RUSLE ni àbí SWAT? Ibi tó yẹ kí owó yín lọ lórí ọ̀gbàrá òkè Ẹtiópíà

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni láti ya máàpù ibi tí ọ̀gbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ oko lọ ní àwọn òkè Ẹtiópíà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bó bá jẹ́ oko tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ to òkúta dí omi ní ẹ fẹ́ mọ̀, RUSLE ni kí ẹ mú, ìṣirò tó ń díwọ̀n erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ lórí oko lọ́dún. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń kún inú odò tí wọ́n sé ló ń dà yín láàmú, SWAT ni, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀ lé omi àti ẹrẹ̀ láti orí ilẹ̀ dé inú odò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

RUSLE ò béèrè púpọ̀. Nọ́ńbà òjò, erùpẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn àti ìtọ́jú ilẹ̀ ló ń sọ di púpọ̀ lára wọn; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni erùpẹ̀ tó ń lọ á ṣe pọ̀ tó. Lọ́dún 1985 ni Hans Hurni, onímọ̀ ará Switzerland, ti tún ìṣirò USLE, tó jẹ́ bàbá RUSLE, ṣe kó bá Ẹtiópíà mu. Ẹ fi 0.562 sọ iye òjò ọdún kan ní mìlímítà di púpọ̀, kí ẹ yọ 8.12 kúrò. Òjò 1200 á fún yín ní 666: agbára òjò nìyẹn. Ní ti erùpẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lẹ ó wò: dúdú 0.15, pupa 0.25. Ní ti ohun ọ̀gbìn, àgbàdo gba 0.10, tẹ́ẹ̀fù, ọkà tí àwọn ará Ẹtiópíà ń jẹ, gba 0.25. Ẹni tó bá ti dé oko tẹ́ẹ̀fù á mọ ìdí rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju ọkà bàbà lọ fíìfíì, nítorí náà wọ́n á tu ilẹ̀ léraléra títí á fi kúnná, wọ́n á wá fún un ní nǹkan bí oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ jù. Ìhòòhò ni ilẹ̀ wà lásìkò tó yẹ kó daṣọ bora.

Àmọ́ RUSLE kì í ka kòtò ńlá tí ọ̀gbàrá gbẹ́. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ga ní mítà 3 sí 18 nínú 100 mítà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kó ìṣirò rẹ̀ jọ. Ọ̀pọ̀ oko òkè wọ̀nyí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń fi í mọ oko tó burú jù, n kì í fi iye tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ tó bá kà búra.

SWAT fẹ́ òjò ojoojúmọ́ àti omi odò tí ènìyàn wọ̀n gan-an. Bí ẹ ò bá ní ìwọ̀n odò, ẹ má dáwọ́ lé e.

Máàpù gíga ilẹ̀ ńkọ́? SRTM (tí wọ́n wọ̀n ní February 2000) àti Copernicus GLO-30 wà: mítà 30 ni ojú kọ̀ọ̀kan nínú máàpù méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni. Copernicus tó tuntun jù ni mo máa ń mú. WorldDEM tí wọ́n ń tà jẹ́ mítà 12, òkúta tí wọ́n tò dí omi, tí kò fẹ̀ tó mítà kan, ò sì lè hàn nínú rẹ̀. Owó yẹn, ẹ fi gba dróònù fún àfonífojì kan, kí ẹ sì ra ohun ìwọn òjò méjì: ẹ gbé ọ̀kan sórí òkè, ọ̀kan sísàlẹ̀, torí òjò ibi méjèèjì kì í dọ́gba.